Total Commander àti extension mẹ́rin rẹ̀: àyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó ń kọ plugin fún un

Láti ìgbà tí Total Commander ṣì ń jẹ́ Windows Commander ni mo ti ń fi í tọ́jú fáìlì. Christian Ghisler ló kọ ọ́, ó gbé e jáde ní 1993, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2002. Ẹni tó bá ti ka àyẹ̀wò rẹ̀ níbòmíràn á ti gbọ́ nípa ojú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nípa F5 tó ń da fáìlì kọ àti F6 tó ń kó o lọ síbòmíràn. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, mi ò ní tún un sọ. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni extension tí wọ́n yàn fún àwọn plugin rẹ̀. Plugin ni ètò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ètò ńlá kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀; extension ni àwọn lẹ́tà tó ń tẹ̀lé dọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn nínú orúkọ fáìlì. Ẹni tó ń lo ètò yìí lójoojúmọ́ lè má kíyè sí i rárá. Èmi ò lè ṣàìkíyè sí i, torí pé àkójọ fídíò àti ohùn ni iṣẹ́ mi, mo sì máa ń kọ plugin fúnra mi nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ ò bá ṣe ohun tí mo ń fẹ́. Èrò mi rèé kí n tó lọ jìnnà: nínú gbogbo ètò tó ń gba plugin tí mo ti bá ṣiṣẹ́, mi ò tíì rí èyí tó ro ọ̀rọ̀ orúkọ dáadáa tó Total Commander, síbẹ̀ àwọn ibì kan wà tí ọjọ́ orí ti bá a.

Irú plugin mẹ́rin ló ní. Èyí tó ń tú fáìlì tí wọ́n dì pọ̀, àwọn ẹbí zip, ń jẹ́ .wcx. Èyí tó ń fi ohun tí kì í ṣe dísìkì hàn yín bíi fódà, bíi sáfà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí inú fóònù, ń jẹ́ .wfx. Èyí tó ń fi inú fáìlì hàn nígbà tí ẹ bá tẹ F3 ń jẹ́ .wlx. Èyí tó kẹ́yìn ń ka ìsọfúnni láti inú fáìlì, bíi gígùn orin tàbí ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò, ó sì ń tò ó sí òpó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ; .wdx ni tirẹ̀. Lẹ́tà àárín nìkan ló ń yí padà. Bí ẹ bá rí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nínú fódà tí wọ́n ti gbàgbé, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí ètò tó ni ín, ẹ ò sì ní máa wádìí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Kí ẹ lè mọ̀ pé kò pọn dandan kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo inú ọ̀kan. Ẹ dúró lórí fáìlì .wlx kan, ẹ tẹ F3, lẹ́yìn náà ẹ tẹ 3 kí ó fi báìtì inú rẹ̀ hàn yín ní hex, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n ń fi 0 sí 9 àti A sí F kọ. Báìtì méjì àkọ́kọ́ ni 4D 5A, ìyẹn lẹ́tà M àti Z, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Mark Zbikowski tó wà lára àwọn tó kọ MS-DOS. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí .wcx: MZ. Ẹ ṣe é sí .dll èyíkéyìí nínú Windows, ìyẹn fáìlì kóòdù tí àwọn ètò mìíràn ń yá lò: MZ. Sí .8bf tí Photoshop ń lò fún fíltà, sí .cpl ti Control Panel, sí .ocx, àní sí .scr tó ń bo ojú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án: MZ náà ni ẹ máa bá. Lójú Windows, irú fáìlì kan náà ni gbogbo wọn. Ghisler ì bá ti fi .dll sílẹ̀ bó ṣe wà, ètò náà á sì máa ṣiṣẹ́. Ó yàn láti fún wọn lórúkọ.

Àwọn tó fi .dll sílẹ̀ pọ̀. Winamp, ètò tó ń kọ orin, tó jáde ní 1997, wá ọgbọ́n mìíràn: ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ló fi ṣe àmì. in_ ni ti plugin tó ń ka orin, out_ ni ti èyí tó ń gbé ohùn jáde, vis_ ni ti àwòrán tó ń bá orin jó, gen_ ni ti iṣẹ́ gbogbogbòò. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ torí pé inú fódà Plugins kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé, ṣùgbọ́n bí fáìlì kan bá jáde kúrò níbẹ̀, .dll lásán ló di.

Ti VST, ìlànà tí àwọn ètò orin fi ń gba plugin ohùn, ló ká mi lára jù. Steinberg gbé VST jáde ní 1996, ẹ̀dà kejì tẹ̀ lé e ní 1999, .dll sì ni plugin náà lórí Windows. Ètò orin tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú fódà gbọ́dọ̀ ṣí .dll kọ̀ọ̀kan, kó wo inú rẹ̀ bóyá plugin ni tàbí kì í ṣe plugin. .dll tí plugin kan kàn gbé wá láti fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Ti 32-bit wà níbẹ̀, ti 64-bit náà wà níbẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́, tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà á fi ya fódà wọn sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ kí ọ̀kan má baà tẹ èkejì rẹ́. Mo ti jókòó ti àwọn olórin tí iṣẹ́ wọn dúró torí pé ètò wọn ṣí .dll tí kò yẹ kó ṣí, ó sì kú sójú kan. Ohun tí orúkọ tó yàtọ̀ ì bá ti dènà ni. Nígbà tí VST 3 dé ní 2008, .vst3 ni wọ́n fún un, pẹ̀lú fódà tirẹ̀ lábẹ́ Common Files. CLAP, ìlànà plugin ohùn mìíràn tí ilé iṣẹ́ Bitwig àti u-he gbé jáde ní 2022, gba .clap láti ọjọ́ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé .dll ni inú rẹ̀ lórí Windows. Mo láyọ̀ sí méjèèjì. Nígbà tí .vst3 fi máa dé, .wcx ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Fífi plugin sórí Total Commander náà ń jàǹfààní látinú orúkọ yìí. Zip ni wọ́n fi ń pín plugin. Bí ẹ bá wọ inú zip náà láti inú ètò, ó máa rí fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ pluginst.inf, ó sì máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi plugin náà síbẹ̀. Nínú fáìlì kékeré yẹn, ìlà type= ń sọ irú plugin, ìlà file= ń sọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú extension. Ẹ̀rí méjì ni, ọ̀kan nínú orúkọ, ọ̀kan nínú ìwé tó tẹ̀ lé e. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé zip náà ṣì ń jẹ́ .zip. Ẹni tí kò ní Total Commander lè ṣí i, kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó pinnu. Ọ̀pọ̀ ètò ló ń di plugin wọn sínú zip, tí wọ́n á sì fún un lórúkọ mìíràn: .xpi ti Firefox, .vsix ti Visual Studio Code, .oxt ti LibreOffice, .sublime-package. PK ni báìtì méjì àkọ́kọ́ gbogbo wọn. Mi ò bá wọn jà, torí orúkọ tirẹ̀ ló ń jẹ́ kí ètò náà dá a mọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kàn fẹ́ràn ìṣípayá.

Ibi tí ètò yìí ti gba ọkàn mi pátápátá kọ́ ni extension àwọn plugin fúnra wọn, bí kò ṣe bó ṣe ń yanjú ìjà láàárín extension àwọn fáìlì tí plugin ń ṣí. Ẹ gbé .ts yẹ̀ wò. Ní ọ̀dọ̀ àwa tó ń tọ́jú fídíò, .ts ni fáìlì MPEG transport stream, èyí tí tẹlifíṣọ̀n onídíjítà ń lò. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ètò fún ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, .ts ni TypeScript, èdè kọ̀ǹpútà tí Microsoft gbé jáde ní 2012. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi irinṣẹ́ Qt kọ ètò, .ts ni fáìlì ìtumọ̀ èdè, XML sì ni inú rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n, ìkankan nínú wọn ò sì ní yọwọ́ fún èkejì. Fídíò àti kóòdù wà pa pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, torí náà lójoojúmọ́ ni ìjà yìí ń bá mi.

Plugin .wlx kọ̀ọ̀kan máa ń sọ fún Total Commander irú fáìlì tó lè fi hàn, nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí ètò náà ń gbà láti inú iṣẹ́ tó ń jẹ́ ListGetDetectString. Plugin fídíò kan tí mo gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ EXT="TS" síbẹ̀, ó sì parí. Bí mo bá tẹ F3 lórí kóòdù TypeScript, ẹ̀rọ fídíò ló máa yọ sí mi pẹ̀lú ojú dúdú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn lè ṣe ju kí ó wo extension lọ. Ó lè wo báìtì inú fáìlì pẹ̀lú, láàárín 8192 àkọ́kọ́. Páálí kéékèèké ni wọ́n pín transport stream sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 188, báìtì 47 ní hex ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà G ni 47 yẹn. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí plugin náà sọ rèé:

EXT="TS" & [0]="G" & [188]="G"

Kóòdù TypeScript lè ṣèèṣì fi G bẹ̀rẹ̀. Kó tún ní G mìíràn ní ipò 188 gan-an ṣòro. Ti XML kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn, àmì < ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Fún .m2ts tí kámẹ́rà fídíò ń gbà, báìtì 4 ló ṣáájú páálí kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi di 192, torí náà ipò 4 àti 196 la máa wò.

Ohun tó jẹ́ kí n máa bọlá fún ètò yìí ni pé mi ò ní láti dúró de ẹni tó kọ plugin náà kó tó tún un ṣe. Inú wincmd.ini, fáìlì tó ń tọ́jú bí a ṣe tò ó, ni Total Commander ń kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn sí, lábẹ́ [ListerPlugins], ní ìlà tó ní _detect lẹ́yìn nọ́ńbà plugin. Mo ṣí i, mo fi àmì G méjèèjì kún un, mo tọ́jú rẹ̀, ìjà sì parí. Nǹkan wọ̀nyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Bí plugin méjì bá ṣì ń du fáìlì kan náà, èyí tó ṣáájú nínú àtòkọ ló ni ín, ẹ sì lè gbé wọn sókè tàbí sísàlẹ̀ níbi ètò plugin. Irú òmìnira bẹ́ẹ̀ ò sí nínú Windows fúnra rẹ̀: extension kan, ètò kan ṣoṣo ló ń jẹ́ olórí rẹ̀, kò bìkítà fún ohun tó wà nínú fáìlì. Ti .wcx náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ctrl+PgDn máa ń gbìyànjú àtiwọ inú fáìlì láìka extension rẹ̀ sí, ó sì máa ń bi àwọn plugin bóyá wọ́n mọ fáìlì náà nípa wíwo inú rẹ̀.

Ó wá ku àwọn àléébù, wọn ò sì kéré.

Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà mẹ́ta. Láyé DOS, mẹ́jọ ni orúkọ, mẹ́ta ni extension, kò sí ibòmíràn tí ẹnikẹ́ni lè gbà. Bí a bá lo lẹ́tà A sí Z nìkan, 17,576 ni gbogbo extension onílẹ́tà mẹ́ta tó lè wà láyé, èyí tó sì dùn ún pè nínú wọn ò pọ̀. Kò sí ọ́fíìsì kan tó ń pín wọn, kò sí ìwé ìní. Ohun tó sì yẹ kó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀: nígbà tí Windows 7 dé ní 2009, Microsoft mú .wcx fún fáìlì tó ń ṣètò RemoteApp àti Desktop Connections, ìyẹn ìsopọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn. Lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tẹ plugin .wcx lẹ́ẹ̀mejì, Windows lè gbà á bí ètò ìsopọ̀. Kò ba plugin jẹ́, torí pé Total Commander fúnra rẹ̀ ló ń gbé e dìde. Síbẹ̀ orúkọ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. VST náà rí i: .vst tí plugin rẹ̀ ń jẹ́ lórí Mac ni Visio, ètò àwòrán ti Microsoft, ti ń lò fún àwòṣe ìwé lórí Windows.

Èkejì ni 64. Nígbà tí Total Commander 8 mú ẹ̀yà 64-bit wá ní 2012, wọ́n fi 64 kún extension: sample.wcx ti 32-bit, sample.wcx64 ti 64-bit, méjèèjì nínú fódà kan. Nípa ti orúkọ, mo gbóríyìn fún un, torí pé ìṣòro VST tí mo sọ lókè ò lè ṣẹlẹ̀ níbí. Àmọ́ ìdẹkùn kan wà nínú Windows tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Fún fáìlì tí orúkọ rẹ̀ gùn, Windows ṣì lè máa tọ́jú orúkọ kúkúrú ti DOS sẹ́yìn, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ extension nìkan ló sì ń wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ dir *.wcx níbi tí orúkọ kúkúrú yìí ti wà, .wcx64 náà máa jáde, torí pé orúkọ rẹ̀ kúkúrú parí sí .WCX. Bẹ́ẹ̀ náà ni *.doc ṣe ń mú .docx jáde. Ẹni tó bá kọ ìlà kan láti pa gbogbo plugin 32-bit rẹ́ lè pa ti 64-bit mọ́ ọn. Nínú iṣẹ́ tèmi, kì í ṣe ohun tí Windows dá padà ni mo ń gbẹ́kẹ̀ lé. Mo máa ń fi extension náà wéra lẹ́tà sí lẹ́tà kí n tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ẹ̀bi Total Commander. Double Commander, ètò ọ̀fẹ́ tó jọ ọ́, gba extension mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Plugin .wlx tí wọ́n ṣe fún Linux kò ní MZ níwájú, 7F 45 4C 46 ló ní, ìyẹn àmì ELF, irú fáìlì ètò ti Linux. Orúkọ kan náà, ẹ̀rọ méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn, extension ò sì sọ èyí tó jẹ́. Mo máa ń fi fódà ya tèmi sọ́tọ̀.

Àwọn tó ń kọ ètò tó fẹ́ gba plugin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí, torí àwọn gan-an ni àyẹ̀wò yìí máa wúlò fún. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má fi .dll, tàbí .so tó jẹ́ irú rẹ̀ lórí Linux, sílẹ̀ lásán. Ẹ má sì tẹ̀lé Total Commander lórí lẹ́tà mẹ́ta, torí pé ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ti kọjá lọ. Ẹ fi orúkọ ètò yín sínú extension náà bí foobar2000 ṣe ṣe pẹ̀lú .fb2k-component, bí Lightroom ṣe ṣe pẹ̀lú .lrplugin. Ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ bóyá ó bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ kúkúrú tí mo sọ. Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ lò jálẹ̀, torí pé .WLX àti .wlx kì í ṣe ohun kan náà lórí Linux. Bí iṣẹ́ àwọn plugin yín bá yàtọ̀ síra, ẹ jẹ́ kí extension wọn yàtọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí Total Commander ṣe dáadáa jù nìyẹn.

Kí ẹ sì fi ìdánimọ̀ tó gùn sínú plugin fúnra rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni VST 2 fi ń dá plugin mọ̀ láti inú, tí plugin ẹni méjì lè fi ní nọ́ńbà kan náà láìmọ̀. VST 3 sọ ọ́ di bíìtì 128. CLAP ń lo orúkọ tó dà bí àdírẹ́sì ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Èyí tí CLAP ṣe yẹn ni èmi mú fún ètò kékeré tí mò ń kọ lọ́wọ́.

Total Commander fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ lè dán an wò kí ẹ tó sanwó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni owó náà, ẹ̀dà tuntun kì í béèrè òmíràn. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ pọ̀, tí oríṣi wọn sì pọ̀, ni mo máa ní kó rà á. Ẹni tó kàn fẹ́ da fọ́tò kọ láti inú fóònù ò nílò rẹ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe. Nígbà tí plugin tuntun bá ń wọlé, ó yẹ kí ètò náà sọ fún wa pé .ts tí èyí fẹ́ gbà, plugin báyìí ló ti ń gbà á tẹ́lẹ̀, kó sì fi ọ̀rọ̀ kúkúrú méjèèjì hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ká lè tún wọn ṣe níbẹ̀. Gbogbo ìsọfúnni tó nílò fún un ló ti wà nínú wincmd.ini.